Òjò, Àsìkò àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu: Lámèyítọ́ Lítíréṣọ̀ Alohùn Àwọn Abúlé Ìbàdàn ní Ìgbà tí Ojú Ọjọ́ ń Yí Padà

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í tọ́ lọ bí ọ̀pá ìbọn. Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú lé e lórí mọ́. Bí a bá gbọ́ ọ, ìgbà ẹ̀dá ni ọkàn wa máa ń lọ sí: ọlọ́rọ̀ lè di tálákà, ìwọ̀fà sì lè di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé oko àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, ní ilẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni kò lọ bí òréré mọ́. Ẹni tó bá bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ jókòó yóò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé òjò kò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní tiwọn. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tí a mọ̀ sí IPCC sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ti ọdún 2021 pé ooru ayé ti fi nǹkan bíi ìwọ̀n 1.1 lórí òṣùwọ̀n Celsius ga ju bí ó ti wà láàárín ọdún 1850 sí 1900 lọ, àti pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó fà á. Èéfín èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí a ń sun ni olórí okùnfà rẹ̀. Pípa igbó run sì ń dá kún un. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni èyí, a kò sì fẹ́ gbà á ṣe fún wọn. Ìbéèrè tiwa ni ti aṣelámèyítọ́: nígbà tí òjò tí lítíréṣọ̀ kan fẹsẹ̀ lé bá yí padà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí lítíréṣọ̀ náà, àti sí àwọn ènìyàn tí ń fi í gbé ayé wọn? Ìbéèrè kejì tẹ̀ lé e: báwo ni ó ṣe yẹ kí olùkọ́ kọ́ ọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò sì kọ nípa rẹ̀?

Ohun mẹ́rin ni a ó gbé yẹ̀ wò: àwọn orúkọ tí a fún òjò, òwe tó jẹ mọ́ òjò, ìtàn ìjà Ilẹ̀ àti Ọ̀run, àti oríkì Ìbàdàn. Èrò wa ni pé àṣìlò kan ti wọ inú bí a ṣe ń kọ́ni ní àwọn nǹkan wọ̀nyí. A ti sọ wọ́n di kàlẹ́ńdà tí kò lè yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fìgbà kan jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ òjò àti ìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀

Ní agbègbè Ìbàdàn, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ̀nà tàbí Igbe, ó máa ń le ní Òkúdù, yóò sì dẹwọ́ díẹ̀ ní àárín Agẹmọ sí Ògún. Ní Ọwẹ́wẹ̀, òjò á tún padà dé tagbáratagbára, títí yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí Ọ̀wàrà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Bélú. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé. Ètò yìí ni àgbẹ̀ fi ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, òun ni ó fi ń mọ ìgbà tí yóò kọ ebè iṣu àti ìgbà tí oòrùn yóò tó láti sá kòkó.

Òjò àkọ́kọ́ lọ́dún ni àwọn baba wa ń pè ní àkọ́rọ̀, èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n sì ń pè ní àrọ̀kúrò. Ẹ jẹ́ kí á wo ìhun àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì. Nínú àkọ́rọ̀, a rí àkọ́ àti rọ̀. Nínú àrọ̀kúrò, a rí mọ́fíìmù ìṣẹ̀dá à-, ọ̀rọ̀-ìṣe rọ̀ àti kúrò. Kò sí oṣù nínú wọn, kò sì sí òǹkà ọjọ́. Ipò tí òjò kan wà sí òjò mìíràn ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ. Àkọ́rọ̀ kò lè jẹ́ àkọ́ bí èkejì kò bá tẹ̀ lé e. Bákan náà ni kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òjò òní ni àrọ̀kúrò. Ìgbà tí òjò bá ti lọ tí kò padà wá ni a tó mọ̀ pé èyí tó rọ̀ lọ́jọ́sí ni àrọ̀kúrò.

Ìmọ̀ ńlá ni èyí. Àwọn tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ̀ pé òjò kì í bá ènìyàn ṣe àdéhùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi àmì mìíràn ti orúkọ náà lẹ́yìn: ìgbà tí ìrókò bá rúwé, ìgbà tí ikán abìyẹ́ bá tú jáde láti inú ilẹ̀, ìgbà tí olú bá hù lẹ́bàá ògán, ìgbà tí ìgbín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àgbẹ̀ kì í gbọ́ ohùn ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kí ó tó dájọ́. Bí òjò kan bá rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́rìí yòókù kò sọ̀rọ̀, ó lè fọwọ́ mú irúgbìn rẹ̀ dání.

Ibi tí wàhálà òde òní wà gan-an nìyí. Òjò lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ilẹ̀ tutù, kí ikán fò, kí àgbẹ̀ sọ àgbàdo sílẹ̀, kí oòrùn sì wá ràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹ̀kán omi. Àgbàdo tó ti hù á gbẹ, àgbẹ̀ á sì tún ra irúgbìn mìíràn. Ǹjẹ́ òjò àkọ́kọ́ yẹn ni a ó pè ní àkọ́rọ̀, tàbí èyí tó wá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá? Ọ̀rọ̀ náà kò kú, ṣùgbọ́n ohun tó ń tọ́ka sí ti ń yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wà tí a kò mọ ohun tí a ó fi pè mọ́, a jẹ́ pé àárín èdè àti ayé ti fẹ́ dàrú nìyẹn.

Ìpalára rẹ̀ kò mọ sórí èdè nìkan. Ní abúlé, àgbà ni a ń wo ẹnu rẹ̀ kí a tó gbìn. Bí àgbà bá wí lẹ́ẹ̀kan tí kò rí bẹ́ẹ̀, tí ó wí lẹ́ẹ̀kejì tí kò tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kò ní bú u, ṣùgbọ́n wọn kò ní bi í léèrè mọ́. Owó irúgbìn tí a rà lẹ́ẹ̀mejì lè mú kí owó ilé-ìwé ọmọ falẹ̀. Èyí tó tún wúwo jù ú lọ ni ìbànújẹ́ ẹni tí ìmọ̀ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ kò wúlò mọ́ lójú ara rẹ̀. Ìlera ọkàn àwọn àgbà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Òwe òjò: ohun tí a ń kọ́ni àti ohun tó wà níbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á mú òwe mẹ́ta. Èkíní ni èyí tó ní a kì í torí òjò tó ṣú da omi agbada nù. Ìtumọ̀ tí a sábà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ènìyàn má ṣe fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohun tí kò tí ì rí gbà. Ìtumọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Òwe náà kò lè ní agbára kankan láìjẹ́ pé àwọn tó pa á mọ̀ pé òjò lè ṣú kí ó má rọ̀. Àìdánilójú òjò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé gbogbo nǹkan dán mọ́rán fún àwọn baba wa, pé òjò wọn kì í yẹ̀, kí ó lọ tún òwe yìí gbọ́.

Òwe kejì ni ti ẹlulùú, ẹyẹ tí wọ́n ní ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe òjò, tí òjò náà sì wá ń pa á. Nínú kíláàsì, ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ fa wàhálà ni a máa ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n kí òwe tó di ìbáwí, àkíyèsí ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ẹnìkan ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí òjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ẹlulùú máa ń ké jù, ó sì fi ìfohunpènìyàn sọ ọ́ bí ẹni pé ẹyẹ náà ni ó ránṣẹ́ pe òjò. Ọmọ tó ń kọ ìtumọ̀ òwe náà lónìí ní Moniya tàbí ní Ẹgbẹ́dá lè má gbọ́ ohùn ẹyẹ yìí rí, nítorí pé ilé ti gba ibi tí igbó ṣúúrú wà. Fún un, ẹlulùú ti di orúkọ lásán. Àfiwé tí a kò mọ ohun tí a fi ṣe é kì í dùn, àkọ́sórí ni ó ń dà.

Òwe kẹta ni ó le jù: òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ìdọ́gba ẹ̀dá ni a máa ń sọ pé ó jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀, ìkún omi sì pa ju 100 ènìyàn lọ ní ìlú náà àti agbègbè rẹ̀. Ìgbà méjèèjì, inú oṣù Ògún ni, oṣù tí a ń kọ́ àwọn ọmọ pé òjò máa ń sinmi nínú rẹ̀. Òjò náà kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò ni omi gbé, ẹni tí afárá abúlé rẹ̀ já ni kò rí ọ̀nà gbé irè oko dé ọjà. Eji kan náà ni, ìrí wa ni kò dọ́gba.

Bí a bá tún fẹ ojú ìwòye wa dé òde ayé, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀ kò dá ìdá 5 nínú 100 sínú èéfín kábọ́ọ̀nù tí ayé ń tú sáfẹ́fẹ́ lọ́dọọdún, síbẹ̀ àgbẹ̀ alákọ́ àti àdá ní Lálúpọn wà lára àwọn tí ìyà rẹ̀ ń jẹ. Nítorí náà, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí òwe yìí nínú ìdánwò lè sọ pé ìdọ́gba ni òwe ń wí, kí ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ ẹni eji rí ń bi wá léèrè ẹni tó fi ẹlòmíràn sí gbangba kí eji lè rí i.

Ìtàn Ilẹ̀ àti Ọ̀run: ta ni ó ru ẹbọ?

Ìtàn ìjà Ilẹ̀ àti Ọ̀run jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tó gbajúmọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó wà nínú Ifá, ó wà nínú àlọ́, àwọn olórin òde òní náà sì ti lò ó. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kan náà ni. Àwọn méjèèjì lọ sí oko ọdẹ, eku ẹmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa. Olúkúlùkù ní òun ni àgbà, òun ni ó tọ́ sí. Ọ̀run bínú lọ sí ilé, òjò sì dáwọ́ dúró. Irè oko kùnà, ebi ń pa ènìyàn àti ẹranko. A dá Ifá, a ní kí a gbé ẹbọ lọ sí ọ̀run. Àwọn ẹyẹ kọ̀, tàbí kí wọ́n lọ kí wọ́n má lè dé ibẹ̀. Igún ni ó gbé e dé. Bí ẹbọ ti dà, òjò rọ̀. Kí Igún tó padà dé ilé, òjò ti bò ó. Ẹnu ọ̀nà ẹni gbogbo tó kàn ni wọ́n ti lé e, wọ́n sì ṣá a lórí títí orí rẹ̀ fi pá. Inú ìtàn yìí ni àsọyé wa ti jáde pé ó ti pẹ́ tí òjò ti ń pa igún bọ̀.

Nínú àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kà fún ìdánwò, ẹ̀kọ́ méjì ni a ń rí fà yọ: ìdí tí orí igún fi pá, àti pé ẹbọ rírú ṣe pàtàkì. Ẹ̀kọ́ méjèèjì fúyẹ́ ju ìtàn náà lọ. Bí a bá wo ọgbọ́n ìsọ̀tàn rẹ̀ dáadáa, ohun mẹ́ta ni yóò hàn sí wa.

Èkíní, òǹsọ̀tàn mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kéré gidigidi. Ì bá mú erin tàbí ẹfọ̀n, eku ni ó mú. Àárín eku kan àti ìyàn tó kárí ayé jìnnà púpọ̀, inú jíjìnnà yẹn sì ni ìbáwí ìtàn náà wà. Ojúkòkòrò àwọn alágbára kì í náni lówó níbi tí a ti ń ṣe é. Ibòmíràn ni a ti ń san án.

Èkejì, àwọn tó jà kọ́ ni ebi pa. Kò sí ẹ̀yà kan tí a mọ̀ nínú èyí tí ebi ti pa Ọ̀run. Ẹ̀dá tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ ni irúgbìn wọn gbẹ. Ìtàn náà mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dá ọ̀ràn àti ẹni tó jẹ ìyà ọ̀ràn kí ẹnikẹ́ni tó pe àpérò àgbáyé kan lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó ru ẹbọ ni wọ́n ṣá lórí. Èyí ni ó dun ni jù nínú ìtàn náà, òun sì ni àwa olùkọ́ máa ń fi ẹ̀rín kọjá. Igún gba ayé là, ayé tì í síta sínú òjò tí òun fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ wá. A lè bi ara wa pé ta ni igún òde òní. Ṣé àgbẹ̀ kòkó ní Ọ̀nà-Àrà ni, tí ojú ọjọ́ tó tutù jù ń sọ èso kòkó rẹ̀ di dúdú lórí igi, tí ọ̀dá sì ń pa ọ̀dọ́ igi kòkó rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sì sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un? Ìbéèrè lámèyítọ́ ni èyí. Inú ìtàn ni a ti fà á yọ, a kò gbé e wá láti ìta.

Ó yẹ kí á ṣọ́ra níhìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kọ pé ìtàn yìí ni àlàyé ìdí tí òjò kò fi rọ̀ lọ́dún yìí. Ìtàn kì í ṣe ìwé sáyẹ́ǹsì, kò sì yẹ kí á fi sáyẹ́ǹsì ta á nù. Sáyẹ́ǹsì ń sọ bí ooru ṣe ń ga. Ìtàn ń sọ irú ìwà tó lè mú kí ayé gbóná mọ́ aláìṣẹ̀. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀, àwọn méjèèjì ni a nílò.

Oríkì Ìbàdàn àti igbó tó ń parẹ́

Ẹni tó bá gbọ́ oríkì Ìbàdàn mọ̀ pé òro àti ìgbín kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Oríkì náà rántí ìgbà tí àwọn tó tẹ ìlú náà dó sá sí orí òkè, tí wọ́n ń jẹ èso òro, tí wọ́n sì ń fi ìkarahun ìgbín mu ẹ̀kọ. Ọdún Òkè'Bàdàn tí a ń ṣe lọ́dọọdún, ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ̀nà, ń rán ará ìlú létí ìgbà ìpọ́njú náà. Ní ọjọ́ ọdún, wọn kì í dáná nínú ilé.

Ohun tí aṣelámèyítọ́ gbọ́dọ̀ rí níhìn-ín ni pé ìyìn ìlú ńlá yìí kò dá lórí wúrà tàbí ogun nìkan. Oúnjẹ igbó tó gba ìlú là nígbà ìṣòro wà láàárín rẹ̀. Òro ń fẹ́ igbó, ìgbín ń fẹ́ ọ̀rinrin. Níbi tí igbó ti di ilé àti títì, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn méjèèjì yóò ṣọ̀wọ́n. Ọmọ Ìbàdàn yóò máa jẹ́ oríkì tí kò mọ adùn èso tó wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ìlú. Ìdí-Ayùnrẹ́, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa kòkó ti orílẹ̀-èdè wa wà, ń sọ fún wa pé ìdí igi ayùnrẹ́ ni. Igbó-Ẹlẹ́rin ní Lágelú ń sọ pé igbó ni, ó sì dárúkọ erin. Àwọn orúkọ wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀rí ju bí a ti rò lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tó jáde ní 1966, fi hàn bí àwọn oníjàálá ṣe ń ki ẹranko, ẹyẹ, igi àti irúgbìn. Ohun tí a kì kò lè jẹ́ àjèjì sí wa. Bí ẹranko tí a ń kì bá ti tán nínú igbó, ìjálá rẹ̀ á di ìrántí òkú.

Àtakò kan àti ìdáhùn rẹ̀

Ẹnìkan lè sọ pé à ń sọ àsọdùn. Yóò ní lítíréṣọ̀ alohùn kì í kú, ó ń para dà ni. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí owó orí ní 1968 sí 1969, tí a mọ̀ wọ́n sí Àgbẹ̀kọ̀yà, tí Akànrán sì jẹ́ ojúkò ìdìde wọn, wọ́n kó orin àti òwe tuntun jáde láti inú ìpọ́njú wọn. Ẹnu àgbẹ̀ kò gbẹ nígbà náà, kò sì gbẹ nísinsìnyí.

A sì tún gbà pé kì í ṣe gbogbo àdánù ni ó ti ọwọ́ ojú ọjọ́ wá. Ìkún omi Ìbàdàn ní ọwọ́ ìdọ̀tí tí a dà sójú odò nínú, ó ní ọwọ́ ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi nínú. Igbó Akínyẹlé àti Ẹgbẹ́dá, ìlú tó ń gbòòrò ni ó ń jẹ ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ wá iṣẹ́ sí ìgboro fún ìdí púpọ̀. Aṣelámèyítọ́ tó bá kó gbogbo ẹ̀bi lé òjò lórí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà. Owó orí jẹ́ ọ̀tá tí a lè rí, tí a lè kọrin mọ́. Òjò tó ń yẹ àdéhùn kò ní ilé tí a lè lọ dúró sí iwájú rẹ̀. Àtúnṣe lítíréṣọ̀ ń fẹ́ àkókò, ó sì ń fẹ́ kí àgbà àti ọmọdé jọ wà níbi kan náà. Bí àmì bá ń yí kánkán ju bí ẹnu ti lè tún un sọ lọ, a ó pàdánù ọ̀pọ̀ kí tuntun tó gòkè.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń bá fínra. Àwọn Noongar, ọmọ onílẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, pín ọdún sí ìgbà mẹ́fà, kì í ṣe mẹ́rin bíi ti àwọn òyìnbó tó wá bá wọn. Ìṣe ewéko, ẹranko àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì fi ń dá ìgbà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Òjò ìgbà òtútù ní agbègbè wọn ti dín kù láti nǹkan bí ọdún 1970. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkójọ irú ìmọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀ láti ẹnu àwọn onílẹ̀. Ní 2022, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dájọ́ pé orílẹ̀-èdè náà kò dáàbò bo àwọn ará erékùṣù Torres Strait tó bí ó ti yẹ lọ́wọ́ ìyípadà ojú ọjọ́, àti pé èyí tẹ ẹ̀tọ́ wọn sí àṣà àti ilé wọn lójú. Ohun tí a rí kọ́ ni pé a ti gbà ní gbangba pé bí òkun àti òjò bá ba àṣà jẹ́, àdánù gidi ni, kì í ṣe àròyé àwọn arúgbó.

Iṣẹ́ olùkọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́

Kí ni ó wá yẹ kí á ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí olùkọ́ má ṣe kọ orúkọ oṣù àti ìgbà òjò sójú pátákó bí òfin. Kí ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn ènìyàn kan ṣàkíyèsí, kí ó sì fi àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n tì í lẹ́yìn.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí a rán akẹ́kọ̀ọ́ sí oko. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìyànà Ọ̀fà, Lálúpọn, Akànrán tàbí Moniya, oko kò jìnnà. Kí ọmọ bi ìyá àgbà àti bàbá àgbà léèrè pé àmì wo ni ẹ fi ń mọ àkọ́rọ̀, èwo ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́, èwo ni kò ṣiṣẹ́ mọ́? Kí ó kọ èsì náà sílẹ̀ ní èdè tí a fi sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú àmì ohùn. Èyí yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ fún ìdánwò, yóò sì fún àgbà ní ohun tí ojú ọjọ́ ti ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀: kí a tún máa bi í léèrè.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a ka ìwé àpilẹ̀kọ wa pẹ̀lú ojú tuntun. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí a bí ní 1939 tó sì di olóògbé ní 2018, kọ ìwé kan tí ó pè ní Ogún Ọmọdé, èyí tó jáde ní 1990, lórí ìgbésí ayé ọmọdé ní abúlé oko. Àwa a máa kà á fún ẹ̀rín àti fún ìwà ẹ̀dá ìtàn. Ó tó àkókò kí á kà á fún ibùdó ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú, kí á bi ara wa pé èwo nínú àwọn ohun tó wà ní irú oko bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìwòyí lè fi ọwọ́ kàn.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, bí ìbéèrè bá dé lórí òwe tàbí ìtàn òjò, kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ mẹ́ta: kí ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí ní tààrà, kí ó sọ àkíyèsí tó bí i, kí ó tó wá sọ ẹ̀kọ́ tí a rí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ kejì yóò ní ìtumọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní ní ìdí.

Ìkádìí

A ti fi hàn pé lítíréṣọ̀ òjò ní àwọn abúlé Ìbàdàn kò fìgbà kan sọ fún wa pé òjò kò lè yẹ̀. Orúkọ àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò ní ìyèméjì nínú. Òwe agbada fẹsẹ̀ lé e. Ìtàn Ilẹ̀ àti Ọ̀run sì fi ìyàn tó ti inú ìjà kékeré jáde dẹ́rù bà wá. Ìmọ̀ bí a ti ń gbé pẹ̀lú òjò tí kò dáni lójú ni àwọn baba wa fi sílẹ̀, ìgbà tí a nílò ìmọ̀ náà jù lọ ni a sì wà yìí. Bí a bá kọ́ ọ bí ohun àkọ́sórí, yóò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ òjò ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu. Èyí tó kù lẹ́nu àwọn àgbà Lágelú, Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tètè gbé agbada síta kí ilẹ̀ tó mu ún.